“Ó Pẹ́” Kì í Ṣe “Kò Dé”: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Ròyìn Àkókò Ìsopọ̀ Sáfà ní Jẹ́ddà àti Mẹ́kà

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn okùn gíláàsì kan já lábẹ́ Òkun Pupa. NetBlocks, ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ìrìn íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri àgbáyé, kéde pé okùn SMW4 àti IMEWE ni ọ̀ràn náà kàn, nítòsí Jẹ́ddà, àti pé ọwọ́jà rẹ̀ dé Pakistan àti Íńdíà. Microsoft náà fi ìkéde ránpẹ́ síta fún àwọn oníbàárà Azure: láti aago 05:45 ní ìwọ̀n UTC, ẹni tí ìsọfúnni rẹ̀ ń gba Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn kọjá lè rí i pé ‘latency’ pọ̀ sí i; ẹni tí tirẹ̀ kò gba ibẹ̀, ọ̀ràn kò kàn án. Ìkéde yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú irú àwòrán ìṣirò tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ni wọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èdè ni a fi ń kọ wọ́n, ibi tí èdè bá sì wà, lámèyítọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti yà síbẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Ìkéde náà sọ àkókò tí ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, ó dárúkọ agbègbè, ó sì ya ẹni tí ọ̀ràn kàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò kàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé lórí, ìyẹn ‘latency’ yẹn gan-an.

Ní kíláàsì Yorùbá ní òkè òkun, a máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí ìfàsẹ́yìn tàbí ìdádúró. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ń di ẹ̀bi ru ẹnì kan. Ìdádúró ń wá ẹni tí ó dá ni dúró. Bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú okùn gíláàsì kì í sáré ju nǹkan bí 200,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Jẹ́ddà sí Mẹ́kà kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà; àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò tó mílísẹ́kọ́ǹdù kan, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, tí a ń kọ ní ms. Láti Èkó sí Jẹ́ddà, bí a bá fa ìlà tààrà lórí àwòrán ilẹ̀, ó tó nǹkan bí 4,200 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ìsọfúnni kì í sábà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. A máa gba okùn bíi MainOne, tí ó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Portugal, kí ó tó wá gba Òkun Mẹditaréníà àti Íjíbítì sọ̀ kalẹ̀ sínú Òkun Pupa. Kò sí ẹni tí ó fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn níbẹ̀. Ọ̀nà ló jìn. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ‘àkókò àlọ-òun-àbọ̀’, nítorí pé ohun tí ping ń wọ̀n gan-an nìyẹn. Mike Muuss, tí ó kọ ping ní ọdún 1983, fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi ń ta láti fi mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó: a ta ìró, a dúró de gbohùngbohùn. Ẹni tí ó ta ìró mọ ìgbà tí gbohùngbohùn padà. Èló nínú àkókò náà ni àlọ jẹ, èló ni àbọ̀ jẹ, aago kan ṣoṣo kò lè sọ.

Ping nìkan kò sì tó. Kí ẹ̀rọ méjì tó bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí TCP, wọ́n ní láti kí ara wọn: ọ̀kan kí, èkejì jẹ́ ẹ, ó sì kí padà, ẹni àkọ́kọ́ tún jẹ́ ẹ. Ẹni tí a tọ́ nílé Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ta ni í jíṣẹ́ kí ó tó kí ẹni tí a rán an sí? Lẹ́yìn ìkíni yìí, ààbò TLS 1.2 tún ń béèrè àlọ-òun-àbọ̀ méjì, TLS 1.3 dín in kù sí ẹyọ kan. Bí àlọ-òun-àbọ̀ kan bá jẹ́ 190 ms, lábẹ́ TLS 1.2 a ó ti ná 570 ms lórí ìkíni kí a tó béèrè ohunkóhun. Ìròyìn tí ó bá kọ 190 sílẹ̀ tí ó sì pè é ní àkókò ìsopọ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí olùlò fójú rí kọ́ ni ó ròyìn.

Ibi tí ọ̀ràn ti burú jù ni ìpíndọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀ wò ó. Ká ní ẹ̀rọ kan ní Mẹ́kà ń kàn sí sáfà mẹ́ta: ọ̀kan ní Jẹ́ddà, tí ń dáhùn ní 4 ms, ọ̀kan ní Frankfurt, ní 70 ms, ọ̀kan ní Èkó, ní 190 ms. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 88 ms. Kò sí sáfà kankan nínú wọn tí ń dáhùn ní 88 ms. Iye náà kò nílé, kò lọ́nà. Wàyí o, ká ní nǹkan bàjẹ́ ní Jẹ́ddà, tí 4 di 100. Fún ẹni tí ó wà ní Mẹ́kà, ìlú tí ó múlé gbè é ti jìnnà ju Jámánì lọ. Síbẹ̀ ìpíndọ́gba kàn gòkè sí 120 ni. Bí ẹni tí ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ní kí agogo dún nígbà tí ó bá kọjá 150, agogo kò ní dún.

Mo rí irú rẹ̀ ní Mẹ́kà. Ìyá àgbà kan láti Ìlọrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú oòrùn, a ń dúró kí ohun-èlò orí fóònù ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò kan ṣí kí a lè mọ ọkọ̀ tí a ó wọ̀. Àmì roboto kan ṣáà ń yí lójú fóònù. Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀, Àlájà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ó pẹ́ ni, àbí kò ní dé? Kí n mọ̀ bóyá kí n jókòó.” Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, ilé-iṣẹ́ náà fi ìpíndọ́gba ọjọ́ yẹn hàn mí. Ó dára púpọ̀.

Ìbéèrè Àlájà ju ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ. ‘Ó pẹ́’ àti ‘kò dé’ kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ààlà tí ó wà láàárín wọn, ọwọ́ ènìyàn ló fà á: ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé bí ìṣẹ́jú-àáyá báyìí bá kọjá, kí a má dúró mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án yẹn, àkókò tí ó gùn sí i nìkan ni Microsoft kéde. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dúró pẹ́ lè máa rò pé ohun tirẹ̀ sọnù ni.

Ìdí nìyí tí mo fi gbóríyìn fún SmokePing, iṣẹ́ Tobias Oetiker ará Switzerland. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ogún ping ni ó ń rán ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ó fa ìlà kan síbi iye àárín, ó sì fi èéfín eérú yí i ká: bí ìdáhùn bá ṣe dọ́gba, èéfín a tínrín, bí ọ̀kan bá yá tí ọ̀kan pẹ́, èéfín a tàn kálẹ̀. Bí ping kan bá lọ tí kò padà, ìlà náà a pa àwọ̀ dà. Èéfín fún ‘ó pẹ́’, àwọ̀ fún ‘kò dé’. Sáfà kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀. Mi ò tíì rí ìròyìn onígbólóhùn kankan tí ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òun náà kò pé. RRDtool tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí Oetiker kan náà kọ, a máa pa iye àtijọ́ pọ̀ di ìpíndọ́gba kí àpótí ìrántí má baà kún. Ìlò ojoojúmọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ní Mẹ́kà, ó ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2025, 1,673,230 ènìyàn ló ṣe Hájì. Láti ọjọ́ 8 sí 13 oṣù Dhul-Hijjah ni iṣẹ́ náà, ọjọ́ 9 sì ni gbogbo wọn pé jọ sí Àráfà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn lè rí i pé a ti fi òru lú u pọ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá ti ronú láti tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ka àpilẹ̀kọ yìí béèrè bí èmi ì bá ti kọ ìkéde náà ní Yorùbá. Báyìí ni: “Láti aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta òwúrọ̀ ní Jẹ́ddà, mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ní Èkó, ìsọfúnni tí ó máa ń gba Òkun Pupa ti ń gba ọ̀nà mìíràn tí ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù yóò pẹ́, díẹ̀ lè má dé. Ẹ wo ìlú tí ẹ wà nísàlẹ̀ yìí. A kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, a sì kọ iye tí ó pẹ́ àti iye tí kò dé síwájú rẹ̀.”