Labalábá Ray Bradbury Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ìtàn kúkúrú kan wà tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa bá àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 kà: A Sound of Thunder, tí Ray Bradbury gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Collier's lọ́dún 1952. Ìtàn náà dára. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà kọ́ ọ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ọmọ tó ka ìlà kan, wọ́n á ti to ọ̀rọ̀ líle sójú pátákó. Ọmọ á da ìtumọ̀ wọn kọ látinú díṣọ́nárì, á há a sórí, á fi ṣèdánwò, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni lọ́rọ̀. Lọ́dún 2055, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Eckels san 10,000 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ gbé ọdẹ padà sí ayé ìgbà ìwáṣẹ̀, kí wọ́n lè yìnbọn pa dáínósọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kúrò lójú ọ̀nà irin tó léfòó díẹ̀ sókè ilẹ̀. Travis, afinimọ̀nà wọn, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹni tó bá tẹ eku pa ti pa ìran eku, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ní rí jẹ, kìnnìún náà kò ní rí jẹ, títí ebi á fi pa ẹnì kan tó yẹ kó bí odidi orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì ya èyí sójú pátákó. Annihilate àti expendable, tó wà nínú àlàyé Travis, á yé wọn.

Bákan náà ni paradox. Lesperance, igbákejì Travis, ti kọ́kọ́ wá sí àkókò yẹn kan náà láti ṣọ́ dáínósọ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, ó sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Eckels bi í pé, ṣé kò wá pàdé àwọn níbẹ̀ ni? Ìbéèrè yìí ni Lesperance fi ọ̀rọ̀ náà dá lóhùn. Ọmọ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ta kókó kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìparí ìtàn ló dùn jù. Ẹ̀rù ba Eckels, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó tẹ labalábá kan pa. Nígbà tí wọ́n padà dé, sípẹ́lì ara pátákó ilé-iṣẹ́ náà ti yí padà. Deutscher, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù pé á jẹ gàba, tí Keith sì ti fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò kí wọ́n tó gbéra, ló wá wọlé. Ọmọ tó bá gbọ́n á nawọ́: lẹ́yìn ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún, ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì wà, àwọn olùdíje yẹn náà ló ṣì ń dupò? Báwo ni Eckels ṣe ṣì rántí sípẹ́lì àtijọ́? Bradbury kò dáhùn. Ní ti sáyẹ́ǹsì, ìtàn náà ń jò. Lójú tèmi, àléébù yẹn gan-an ni kíláàsì nílò, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti lè bá òǹkọ̀wé jiyàn. Ọgbọ́n ńlá sì ni ti sípẹ́lì yẹn: Bradbury kò fi àpèjúwe gígùn yọ wá lẹ́nu, lẹ́tà tó ṣì ipò ló fi sọ fún wa pé ayé ti bàjẹ́. Ọmọ tó kórìíra sípẹ́lì pàápàá á tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìtàn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ojú-ìwé kan láti gbè sẹ́yìn Bradbury tàbí láti ta kò ó, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún látinú ìtàn náà. Orí àríyànjiyàn wọn ni kí ẹ ti fún wọn ní máàkì.