'Take' ní Ọjà'ba: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-ìṣe Kan nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀

Nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní ọdún 1843, a to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àṣà náà wúlò fún ọ̀rọ̀-orúkọ bí igi àti omi. Ibi tí kì í ti í tó ni ọ̀rọ̀-ìṣe bí 'take', tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń yára túmọ̀ sí 'mú'.

Ní Ọjà'ba, ohun tí ọwọ́ fẹ́ bà ló ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Oníbàárà mú ṣíbí kan, ó kó ṣíbí mẹ́wàá. Alábàárù gbé àpò gààrí, ó rù ú lọ sí Bẹẹrẹ. Ìyá ọlọ́jà gba owó. Ní gbogbogbòò, mú jẹ́ ti ohun kan tí ọwọ́ ká, kó jẹ́ ti ọ̀pọ̀, gbé jẹ́ ti ohun tó tóbi tàbí tó wúwo. Gbà ní tirẹ̀ fi hàn pé ẹlòmíràn wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀rọ̀ fún rírù, kíkójọ àti jíjágbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a fi 'take' kan ṣoṣo bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀; Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ká ní obìnrin kan ń rojọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ Màpó. Bí ó bá ní, 'Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi', ó lè jẹ́ pé ṣe ni onítọ̀hún ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ní, 'Ó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́', ipá ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, 'mọ́', ló gbé ẹ̀sùn rù. Bí akọ̀wé bá fi 'take' kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà lẹ́yìn ọ̀la kò ní í rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Bákan náà, ẹni tó gbé ìyàwó ń ṣe ayẹyẹ; ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó ń wá ìjà.

Nítorí náà, títo mú, kó, gbé àti gbà sábẹ́ 'take' kò tíì tó nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ó yẹ kí gbólóhùn àpẹẹrẹ tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ohun tí a mú hàn, kí ó sì fi hàn bóyá ẹni tó ni ín yọ̀ǹda rẹ̀.