ÀWỌN AKÉWÌ TI ỌBASÁ: TA NI Ó NI Ọ̀RỌ̀ NÁÀ?

Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, a máa wí pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe o", àwọn àgbà a sì dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Kì í ṣe ìtìjú ni ó ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ ti ní àwọn tí ó ni ín kí a tó bí òun. Ìlànà yìí ni a fẹ́ fi yẹ ìwé mẹ́ta kan wò, tí kò yẹ kí ó parẹ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa.

Dénrelé Adéètímíkàn Ọbasá, olóòtú ìwé ìròyìn Yoruba News tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, ni ó ṣe wọ́n. Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, èkejì ní 1934, ẹ̀kẹta ní 1945, ọdún tí ó kú. Ọbasá ṣa ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àwọn baba wa jọ, ó tò wọ́n sábẹ́ orí-ọ̀rọ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún wọn.

Nínú títò yẹn gan-an ni iṣẹ́ akéwì wà. Òwe tí a gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a kò tí ì sín. Nígbà tí Ọbasá bá sín wọn sórí okùn kan, ọ̀kan a máa tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì, òmíràn a tilẹ̀ máa ta ko èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, òǹkàwé a sì ní láti ronú.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan ń bẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ewì náà, kò sí àmì tí ó fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà parí sí àti ibi tí ti Ọbasá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé bẹ́ẹ̀ náà ni akéwì tí kò mọ ìwé í ṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbọ́ ọ lójúde mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ yàtọ̀ sí àrà tuntun. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣí ìwé kò mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá sọ fún un, yóò ka ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ọ̀rọ̀ gbogbo ìran, yóò sì fi ìyìn àwọn àgbà fún ẹnì kan.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn mọ bí irú ọ̀ràn yìí ti wúwo tó. Ní ilẹ̀ Pólándì, Bronisława Wajs, tí a ń pè ní Papusza, kọ ewì ní èdè àwọn Romani. Jerzy Ficowski túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Pólándì, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1956. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ta á nù, wọ́n ní ó tú àṣírí àwọn fún àjèjì. Èdè wọn ni odi wọn. Òwe tiwa kì í ṣe àṣírí. Ewu tiwa ni pé kí a gbàgbé ẹni tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Kìṣí àti agbègbè rẹ̀, ẹ máa fi Ọbasá kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú ewì náà lọ sílé. Kí ọmọ kà á fún ìyá àgbà rẹ̀. Kí ó bi í léèrè èyí tí ó mọ̀, èyí tí kò gbọ́ rí, àti bí a ti ń pa á ní Kìṣí. Ẹ̀bá ilẹ̀ Ìbàrìbá ni a wà. Ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn kò lè gba gbogbo ohun tí ń bẹ lẹ́nu àwọn àgbà níhìn-ín. Kí ọmọ kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe "tótó" tí ìwé náà kò ṣe. Ọbasá fi ìwé mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ṣì wà lẹ́nu àwọn alààyè.