Ihò Méjì

Káàdì àjẹsára a máa sọ pé wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Bóyá ó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀. Ní ti èéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi ẹ̀jẹ̀ léèrè nílẹ̀ wa. Agbègbè Iléṣà ni David Morley àti Samuel Katz ti dán àjẹsára náà wò lára àwọn ọmọdé. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1962.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Agbabu ni ẹ̀jẹ̀ ti wá. Wọ́n á gba díẹ̀ kí wọ́n tó gún ọmọ, wọ́n á tún gbà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láti etí odò Olúwa dé Òrè, títí dé Ìbàdàn, inú kúlà ló ń wà, ṣùgbọ́n yìnyín kò gbọdọ̀ kan túùbù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá di yìnyín ti bàjẹ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ á yí túùbù bírí títí pupa á fi lọ sísàlẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ náà á fi pipẹ́ẹ̀tì fa omi tó mọ́ lókè, á gbé e sínú omi gbígbóná, 56°C, fún ìṣẹ́jú 30.

Àwo rẹ̀ ní ihò 96, omi iyọ̀ sì ti wà nínú wọn. Ó bu omi ẹ̀jẹ̀ sí ihò kìíní, ó fà á sókè, ó tú u sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà hó. Ó bu ìdajì sí ìkejì, ó pò ó. Ìdajì sí ìkẹta. Ìdá kan nínú 2, nínú 4, nínú 8, nínú 16. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì ọmọ kan náà gbọ́dọ̀ jọ wà lórí àwo kan, lọ́jọ́ kan.

Fáírọ́ọ̀sì èéyi ló kàn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ sí i, torí sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń so pọ̀. Ti adìyẹ kò wúlò níbí. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mi àwo.

Níbi tí ọmọ-ogun ara bá pọ̀ tó láti mú fáírọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì pupa á rọra wálẹ̀, á kó jọ sí ìdí ihò, róbótó bíi bọ́tìnnì. Níbi tí wọn kò bá tó, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ihò kan wà tí kò fi fáírọ́ọ̀sì sí rárá. Bí ìyẹn kò bá ṣe bọ́tìnnì, ó da gbogbo àwo nù.

Ó gbé àwo sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń kà. Bí bọ́tìnnì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ bá parí sí 8, tí ti ìkejì parí sí 16, kò ní kọ ọ́ pé àjẹsára ṣiṣẹ́. Ẹ̀kán kan tó kù sẹ́nu pipẹ́ẹ̀tì lè fa ìyàtọ̀ ihò kan. Àfi kó dé 32, ihò méjì gbáko. Ìṣọ́ra yìí wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí wọ́n ti gba àjẹsára lóṣù mẹ́sàn-án, tàbí tí èéyi ti ṣe rí. Bọ́tìnnì tiwọn ti lọ jìnnà láti ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ tuntun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sún un, torí ọmọ-ogun tó wà nílẹ̀ á ti mú fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kó tó ráyè pọ̀ sí i. Ojú ìwé ọ̀tọ̀ ló ń kọ wọ́n sí. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn yòókù á ní abẹ́rẹ́ kùnà lára ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbára dì tẹ́lẹ̀.