Pandora: Ta Ló Sọ Ìṣà Di Àpótí?

Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà táwọn ọlọ́jà ń pè ní Pandora, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1982 ló ń ṣe é. Nínú fíìmù Avatar tó jáde lọ́dún 2009, Pandora lorúkọ ibi táwọn aláwọ̀ búlúù yẹn ń gbé. Òṣùpá kékeré kan tó ń yí Saturn po náà ń jẹ́ ẹ. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn oníròyìn tú àṣírí àwọn tó ń kówó pa mọ́ sókè òkun, ìwé tó lé ní mílíọ̀nù 11, wọ́n pè é ní Pandora Papers. (Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn níbẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ wá.)

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo gan-an làwọn wọ̀nyí wò?

Hesiod, akéwì ará Gíríìsì àtijọ́, ló kọ ìtàn náà sílẹ̀ fún wa. Inú ń bí Zeus torí pé Prometheus jí iná fọ́mọ aráyé. Ló bá ní kí Hephaestus fi amọ̀ mọ obìnrin kan. Gbogbo òrìṣà ta á lọ́rẹ, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n wá fà á fún Epimetheus, àbúrò Prometheus, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kó má gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ Zeus. Ó gbà á. Pandora ṣí ọmọrí ìṣà, àìsàn àti ìyà fọ́n káàkiri ayé, ìrètí nìkan ló kù sínú.

Ẹ tún un kà. Ta ni wọ́n kìlọ̀ fún? Ọkọ ni! Kò síbi tí Hesiod ti ní ẹnì kan sọ fún Pandora pé kó má ṣí nǹkan kan. Kì í ṣe pé Hesiod fẹ́ràn obìnrin o, ó bú wọn dọ́ba. Ṣùgbọ́n òun gan-an ò parọ́ tó báyìí mọ́ ọn.

Kò sì mẹ́nu ba àpótí. Pithos ló pè é, ìṣà amọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó ọkà, òróró àti wáìnì sí. Erasmus, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, ló sọ ọ́ di àpótí kékeré nínú èdè Látìn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Lójú tiwa, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Àpótí la máa ń tì pa, ẹni tó bá ṣí tẹlòmíì, alátojúbọ̀ ni. Ìṣà ńkọ́? Ta ní í bi ìyàwó ilé léèrè ìdí tó fi ṣí ìṣà oúnjẹ?

Àwọn ẹlẹ́gbà mú ẹ̀bùn inú orúkọ náà, wọ́n fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Àwọn oníròyìn ló ṣe èyí tó yà wá lẹ́nu jù: wọ́n ṣí i, a pàtẹ́wọ́ fún wọn, ẹni tó kó nǹkan pa mọ́ síbẹ̀ la dá lẹ́bi. Kí ló dé tá ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pandora? Zeus ló kúkú fi ìyà ránṣẹ́.

Àwa náà ti kọ "àpótí Pandora" rí, a ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òyìnbó la tẹ̀ lé, nígbà tí ìṣà wà lédè wa látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìṣà la ó máa kọ báyìí.