Ibo Lo Kà Á Dé?

Bí oṣù keje bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama bá ti gba èsì ìdánwò wọn, òjò á ti rọ̀ títí ilẹ̀ Ìbàdàn á fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Tó bá wá di oṣù kẹjọ, òjò náà á dáwọ́ dúró díẹ̀. Oòrùn kì í mú nígbà náà. Ojú ọ̀run á kàn ṣú dùdù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn tútù á sì máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ọmọ á ti jí, á ti gbálẹ̀, á ti fọ abọ́, á ti pọnmi, síbẹ̀ aago mẹ́wàá kò ní tíì lù. Àgbàdo sísè ń bẹ nílé, àsálà ń bẹ níta, kò sí ẹni tí yóò lu aago kíláàsì. N kò mọ ìgbà kankan láàárín ọdún tó yẹ fún ìwé kíkà tó ìgbà yìí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Òkè-Àdó la ti máa ń lo ìsinmi gígùn nígbà tí mo wà láàárín ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyá Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwa náà ò sì mọ orúkọ mìíràn tí à bá pè é. Ó ní àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà, ó da káńfọ̀ sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Títí di òní, tí òórùn káńfọ̀ bá ta sí mi nímú, ìwé ni ọkàn mi ń lọ bá, kì í ṣe aṣọ.

Ìyá Tísà kì í sọ fún ọmọ pé kó lọ kàwé. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, á jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń kà á fún. Bí mo ṣe kọ́kọ́ pàdé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ nìyẹn. Ó ka Àkàrà-oògùn wọ inú igbó lọ, ó kà á dé ibi tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ti yọ sí i, ló bá pa ìwé náà dé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀wà òwúrọ̀ tí òun gbé kaná.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ẹ̀wà ṣe ń pẹ́ lórí iná tó. Kò tíì dé ilé ìdáná tí a fi ń ja ìwé náà gbà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i gbà, ṣùgbọ́n n kò lè dá a kà. Ìwé Fágúnwà kì í ṣe èyí tí ojú nìkan ń kà. Gbólóhùn rẹ̀ a máa gùn, ọ̀rọ̀ á máa gun orí ọ̀rọ̀, àfi kí ènìyàn kó èémí jọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ kí etí bá ojú ṣiṣẹ́ kí ohùn tó bọ́ sípò. Mo bá ń kà á sókè, ẹ̀gbọ́n mi ń ràn mí lọ́wọ́ níbi tí mo bá ti kọsẹ̀, àwọn yòókù na ọrùn lé wa léjìká. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ilé kejì ti wà lára wa. Mo ti dàgbà kí n tó kíyè sí i pé bí ìwé náà fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 1938 ni ọkùnrin ará Òkè-Igbó náà gbé e jáde, nínú rẹ̀, bàbá àgbà kan ló wá bá òǹkọ̀wé pé kó mú gègé kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, àwọn tó wá gbọ́ ìtàn á ti pọ̀ ju ti àná lọ.

Nílé-ìwé, ìwé ìtàn àròsọ ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Wọ́n á ní kí o dárúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn, kí o kọ àkópọ̀ orí kẹta, kí o ṣàlàyé ìlò òwe. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí JSS 1 tètè máa ń rò pé tìtorí ìbéèrè ni wọ́n fi kọ ìwé. Tí ìbéèrè bá tán, òun náà á pa ìwé dé. Ìsinmi gígùn nìkan ló lè yọ èrò yìí lọ́kàn rẹ̀, tí àwa àgbà bá gbà á láyè. Ìyá Tísà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wá láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án: "Ibo lo kà á dé?" Tí o bá sọ fún un, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Háà! O ò tíì rí nǹkan kan." Ó tán. Ìwọ náà á sáré padà lọ síbi tí ìwé wà.

Ọdún kan wà tí a kó sí wàhálà. Ìwé Kọ́lá Akínlàdé tó ń jẹ́ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? wà nínú àpótí yẹn, àmọ́ ewé ìparí rẹ̀ ti já dànù. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa títí a fi kà á débẹ̀. Ẹ wá wo bí a ṣe jiyàn! Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni báyìí ló ṣe é, èmi ní rárá, a tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, à ń wá àmì tí a lè fi mú ọ̀daràn. A bẹ Ìyá Tísà títí, ó kọ̀, kò sọ. Níkẹyìn, àwa mẹ́ta fẹsẹ̀ rìn dé Dùgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà, a rí òmíràn, a kò sì ní owó tí a lè fi rà á. Ìdúró la wà tí a fi ka ojú ewé tó kù. Bàbá tó ni ìwé ń wò wá, kò lé wa. Mo ṣì ń gbàdúrà fún bàbá yẹn.

Lóde òní, lẹ́sìnnì ló ń gba òwúrọ̀ ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ, fóònù ló sì ń gba ìrọ̀lẹ́. N kò ní kí òbí fagi lé lẹ́sìnnì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni wákàtí kan tí kò sí ẹni tó máa bi ọmọ nípa rẹ̀, àti ìwé tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, Kúyẹ̀ tí J. F. Ọdúnjọ kọ dára púpọ̀, ìtàn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ tí ìyà sì jẹ. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wù ú, ẹ fún un ní Chike and the River tí Achebe kọ lọ́dún 1966. Gbogbo ohun tí ọmọkùnrin inú rẹ̀ ń wá kò ju owó ọkọ̀ ojú omi tí yóò fi kọjá láti Onitsha sí Asaba lọ, síbẹ̀ ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀. Tí ìwé kan bá sú ọmọ ní ìdajì, ẹ jẹ́ kó gbé òmíràn. Ìwé tí mo pa tì lọ́mọ ọdún méjìlá, mo padà kà á lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dùn mọ́ mi.

Ọmọbìnrin mi wà ní JSS 2 báyìí. Nínú ìsinmi tó kọjá, mo ka ìbẹ̀rẹ̀ Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ sókè ní pálọ̀, mo dúró níbi tí kò yẹ kí n dúró, mo sì gbé ìwé náà sórí àga. Lọ́jọ́ kejì mo bá a lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, ó dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, àgbàdo tó ń jẹ ti tutù sínú abọ́.

"Ibo lo kà á dé?"

Kò gbójú sókè. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi o."

Mo ní n kò ní sọ. Mo lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.