Ẹ̀fọ́ Mẹ́jọ, Omi Gbígbóná Kan

Nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì LWT ti ọdún 2005, Ganiyu Oboh ti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀ ni pé ìdí ààrò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ á sá ewé gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi kẹ́míkà fa oje rẹ̀, wọ́n á wá máa polongo agbára antioxidant, ìyẹn agbára tó ń dá àwọn èròjà tí ń ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́ lọ́wọ́ kọ́, bí ẹni pé báyẹn la ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́.

Bíbọ̀ ni Oboh bọ tirẹ̀. Ó fi omi gbígbóná bọ ẹ̀fọ́ mẹ́jọ fún ìṣẹ́jú 5, ó sì fi wọ́n wé tútù wọn: tẹ̀tẹ̀, ùgwú, amúnútutù, igbágbá, ewédú, ewúro, efinrin, àti ewúro odò, ewé ilẹ̀ olómi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ò tilẹ̀ mọ̀. Fítámì C lọ sílẹ̀ gan-an, láti ìdá 47.5 dé 82.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Phenol, ìyẹn àwọn èròjà inú ewé tó máa ń ní agbára antioxidant, ní tirẹ̀ pọ̀ sí i, àfi nínú tẹ̀tẹ̀ àti ewúro tí kò ti yí padà. Síbẹ̀, agbára antioxidant dínkù.

Ewúro odò nìkan ni kò mì. Ní tútù, ó dá ìdá 50.0 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà abani-jẹ́ náà lọ́wọ́ kọ́, iye yẹn náà ló sì dá lọ́wọ́ kọ́ lẹ́yìn bíbọ̀, bẹ́ẹ̀ fítámì C tirẹ̀ ò ṣẹ́kù bó ṣe wà. A jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló gbé agbára yẹn ró. Bó bá jẹ́ èmi ni, ewé yìí ni ǹ bá fi ṣe àkọlé, kì í ṣe kí n fi í ṣe “àfi” láàárín ẹ̀fọ́ méje. Orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ gan-an, àṣìkọ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ojú olóòtú fò ó.

Ká má sì gbàgbé pé nínú ìgò kékeré ni irú àyẹ̀wò yìí ti ń wáyé. DPPH ni wọ́n sábà máa ń lò, omi aláwọ̀ àlùkò tó ń ṣá tó sì ń di yẹ́lò bí oje ewé bá lágbára. Kò sí DPPH nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní 2012, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà yọ àkójọ ìwọ̀n antioxidant inú oúnjẹ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn oníṣòwò ń fi nọ́ńbà inú ìgò polówó ìlera.

Àríwísí mi tó wúwo jù ni pé ìlànà kan ni wọ́n fi de ewé mẹ́jọ. Ó rọrùn fún àfiwé, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló ń bọ ewédú tán tó wá ń da omi rẹ̀ nù? Omi díẹ̀ ni, pẹ̀lú kán-ún, a ó fi ìjábẹ̀ ja á, tomi-tewé la sì ń bù sórí àmàlà. Ewúro, fífọ̀ ni, títí ìfófòó rẹ̀ á fi dínkù. Efinrin kì í pẹ́ lórí iná. Fítámì tó bá yọ́ sínú omi ewédú kò tíì sọnù. Inú abọ́ ló ṣì wà.